Fọ́tò Àyà Bàbá Ẹ Tí Mo Fọ̀

Ọkọ mi, àkọ́bí mi tó lànà fún àwọn tó kù,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá ẹ ò jágbe mọ́ ẹ jù? Ọlọ́run tó mú ẹ débẹ̀ ò ní jẹ́ kí o fi ẹ̀yìn rìn. Tí o bá ń bèèrè àwa nílé, a wà. Àbúrò ẹ ti ń dìde dúró tó bá di ẹsẹ̀ tábìlì mú, adìẹ dúdú ti pamọ, èmi náà wà, ó kàn rẹ̀ mí ni. Ó rẹ̀ mí bí aṣọ tí wọ́n fún tí wọn ò rántí sá.

Bàbá ẹ ni. Ikọ́ yẹn ò lọ. Tó bá fi ayùn rẹ́ pákó díẹ̀ báyìí, á jókòó, á gbá àyà mú, á ní òun kàn ń sinmi ni, ta ló bi òun? O rántí pé sìgá ló máa ń wà létí ọ̀tún ẹ̀, pẹ́ńsùlù létí òsì. Ní báyìí pẹ́ńsùlù nìkan ló kù, òun náà ló ń fi sẹ́nu fà.

Mo wọ́ ọ lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní kó bọ́ ẹ̀wù, wọ́n ya fọ́tò àyà ẹ̀, fọ́tò tí kò lórí. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan jókòó tì mí, ó ní ìlànà kan wà nínú ara tí wọ́n bí mọ́ni, òun ló ń sọ fún ara bó ṣe máa tún ara ẹ̀ ṣe. Ó ní ibi tí èéfín sìgá ò bá bà jẹ́ níbẹ̀, á fi àmì sí i, àmì yẹn á máa sọ fún ara pé fo ibí, sùn níbí, jí níbi tí kò yẹ kí o jí. Mo ní ṣé bí ilà pẹ́ńsùlù tí ọkọ mi ń fà sára pákó kí ayùn tó tẹ̀ lé e? Ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀, ìyá ọmọ. Ó ní téèyàn bá jáwọ́, púpọ̀ nínú àmì yẹn á máa pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn kan ò sì ní lọ bọ̀rọ̀.

Èyí tí mo gbọ́ ni pé ó ń pa rẹ́. A mú fọ́tò dé ilé, mo gbé e sójú fèrèsé, ọmọ mi, ọ̀tún dúdú, òsì dúdú, bí ìdí ìkòkò. Mo bú sẹ́kún. Mo gbé e sínú bàsíà, mo da ọṣẹ sí i, mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, mo tún fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Bàbá ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ìwọ obìnrin yìí, o ti fọ̀ mí tán, ó ku kí o sá mi sóòrùn. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí a padà lọ, dókítà ní ta ló bó fọ́tò yìí. Mo sọ òótọ́. Ó bá gbé fọ́tò ẹlòmíì síwájú iná, ó ní ara ẹni yìí dá ṣáṣá, ó sì dúdú ju ti bàbá ẹ lọ! Ó ní dúdú yẹn ni afẹ́fẹ́, ibi tó funfun lọ́nà òdì ni ká máa bẹ̀rù. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n láàárín èmi àti ìwọ, mo rò pé ẹni yẹn ń mu sìgá ni, ó kàn ń parọ́ fún dókítà.

Àwọn ọkùnrin ń parọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́ pé kí n bá ẹ rán apá ẹ̀, mo rí ihò róbótó nínú àpò àyà ẹ̀. Iná àdògán kì í jó aṣọ bẹ́ẹ̀. Mo gbóòórùn ẹ̀, mo jókòó sílẹ̀.

Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá àmì bàbá lè wà lára ọmọ. Ó ní wọ́n ṣì ń wádìí ẹ̀, èyí tó dá òun lójú ni pé ọmọ tó bá ń gbé nínú èéfín, èéfín á ṣe é. Inú èéfín bàbá ẹ lo ti kọ́ ìrìn. Ìyẹn ò ha tó? Tí o bá ń pè mí, tí mo bá gbọ́ tí o mí fùù, mo máa ń na fóònù sóde lójú fèrèsé kí èéfín má baà bá àbúrò ẹ. Má bínú, ẹ̀rù ló ń bà mí.

Oògùn bàbá ẹ ti ń tán, ṣùgbọ́n owó sìgá ni mo fẹ́ tọrọ. Nígbà tí ọwọ́ bá ń yún ẹ, owó tí o fẹ́ gbé fún ẹni tó ń ta á, fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, bó ti wù kó kéré tó. Á dún. Màá sọ fún bàbá ẹ pé ọmọ ẹ mí dáadáa lónìí. Ọjọ́ tí kò bá dún, mi ò ní bú ẹ, màá kàn jókòó ti fóònù ni.

Èémí ẹ ò ní já lójijì. Ọ̀nà tí bàbá ẹ gbà, ìwọ ò ní gba ibẹ̀. Ìwọ lo máa sin wá, àwa ò ní sin ẹ́.

Èmi ni, ìyá ẹ tó ń ṣọ́ fóònù.

Mo ti rán ṣẹ́ẹ̀tì ẹ. Apá ẹ̀ ti dáa. Àpò yẹn, mo rán an pa.