Oúnjẹ Ọ́kíìdì Lẹ́nu Àna

                                        Abúlé Thái Phiên,
                                        Đà Lạt.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kọkànlá, 2021.

Nhạn, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́? O kú ìfaradà ooru Sài Gòn. Àwa ń gbọ̀n níbí, ṣùgbọ́n ara le.

Ọ̀rẹ́, àwọn òbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Hoài, àbúrò ọkọ mi, wá tọrọ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. O mọ iṣẹ́ tí èmi àti Lượng ọkọ mi ń ṣe: a ń gé òdòdó ọ́kíìdì olóògùn sí wẹ́wẹ́, a ń tọ́ ègé kọ̀ọ̀kan nínú ìgò títí yóò fi ta gbòǹgbò, kí a tó kó wọn sórí omi ajílẹ̀ tó ń ṣàn nínú páìpù. Èmi ni mo ń se oúnjẹ inú ìgò: omi àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún, ṣúgà, ajílẹ̀ díẹ̀, àti ewé òkun tó ń mú un dì bí ẹ̀kọ. Mo ti se tuntun sínú fíríìjì, torí àwọn ègé náà, àwọn ọmọ ìgò wa, ti ń pọ́n léwé. Bí wọn ò bá tètè rí i jẹ, kíkú ni.

Ìyá ọkọ mi wá ohun dídùn tó máa fún àlejò, kò rí. Ó ṣí fíríìjì. Kí n tó ti ọgbà dé, bàbá ọkọ ìyàwó, ọ̀gá ilé-ìwé àtijọ́ tí ojú rẹ̀ le bí òkúta, ti ń fi ṣíbí ha oúnjẹ ìgò náà nísàlẹ̀ abọ́. Ẹnu Lượng ò lè pa dé. Hoài tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kí n dákẹ́. Àmọ́ bí inú bá run wọ́n lọ́nà ńkọ́? Wọ́n ní òtítọ́ korò. Ẹnu wọn sáà ti dùn, á bá a dọ́gba. Mo sọ fún wọn pé oúnjẹ òdòdó ni, ajílẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Thục, o wá ń tọ́jú ewé jù mí lọ. Ìgbà wo lo se irú èyí fún mi rí?"

Bàbá náà wo abọ́ rẹ̀. Ó ní, "Àwọn ewé náà, ṣé wọ́n ń sanra lórí rẹ̀?"

"Wọ́n ń sanra, Bàbá."

"Ó dáa. Bù sí i."

Inú ò run ẹnikẹ́ni. Ìyàwó bàbá náà ló rántí pé ebi máa pa àwọn ọmọ ìgò. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, òun àti ìyá ọkọ mi wọ ilé ìdáná, wọ́n ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń jà lórí ṣúgà, èmi onílé wá dúró bí àlejò. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ti fi ìgbéyàwó sí oṣù tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ ìgò náà yè, àfi díẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ti pàṣẹ pé ìkòkò méjì ni kí n máa se, ọ̀kan fún ewé, ọ̀kan fún ènìyàn. Lánàá, mo ká Lượng mọ́ ìdí ìkòkò ti ewé, ó ń bù ú jẹ. Ó ní èyí tí kò ní ajílẹ̀ kò dùn tó.

Bá mi kí Màmá, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Ìgbéyàwó yìí, má jẹ̀ẹ́ kí n wá ọ tì o.

Èmi ni tìrẹ, lótùútù àti lóoru,
Thục