Wọ́n Ní Ẹ Ń Ṣọ̀fọ̀ Jù Níbi Iṣẹ́

Adúmáadán mi,

Jọ̀ọ́, má bínú pé èmi náà gbé bírò láti kọ lẹ́tà sí ọ. Ọdún kìíní ni mo ṣì wà ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbàlagbà, bí mo bá ṣi nǹkan kọ, fojú fò ó. Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ojú ò ní tì ọ́ láàrin ẹgbẹ́. Àwa náà wà. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ti fúyẹ́, àmọ́ àga ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti kán, orí korobá ni mo ń jókòó sí.

Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ ọjọ́ Ẹtì ló bí mi nínú. O ní: "Oga ni egbe wa n sofo ju. Ipade meta lojumo, ise o pari. O ni ki kaluku ko wakati re sile, bi bee ko, ise a bo lowo wa." Olùkọ́ wa ti ní fóònù kì í sábàá fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ẹni tó ń kà á ni yóò fi í sí i. Mo jókòó, mo fi í sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dá mi lójú pé ẹ ń ṣọ̀fọ̀, ọ̀gá yín sì ní ọ̀fọ̀ yín ti pọ̀ jù!

Ta ló kú? Irú ọ̀gá wo nìyẹn? Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń pàdé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ láti sunkún, ó wá ní kí wọ́n kọ wákàtí sílẹ̀ bí ẹni kọ ìyàwó! Kí ni wákàtí ṣe fún un? Bàbá rẹ ní bóyá kì í ṣe ọ̀fọ̀ lo kọ. Mo ní, ta ló ń lọ iléèwé nínú wa? Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ ṣá, mo tún un kà, ọ̀fọ̀ náà ni.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n tó ń bá wa gé aṣọ pàdánù ọkọ rẹ̀, ogójì aṣọ iléèwé ló wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. A ò pe ìpàdé kankan. Ìyá Oníbọ́tìnnì tá a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù ń gé láàárọ̀, mò ń rán, lọ́sàn-án àwa méjèèjì jọ ń to bọ́tìnnì. Lọ́jọ́ kẹrin a parí, a lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n, a sunkún ní àsun-tẹ́rùn. Ẹkún tí iṣẹ́ ò dúró dè lẹ́yìn ló ṣeé sun. Ẹ̀yin náà, ẹ máa sun ún lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kẹ́ ẹ sì tètè dìde.

Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà kí ọ̀gá yín lé ọ. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo ti rán ọ̀já dúdú méje tẹ́yin méjèèje inú ẹgbẹ́ yín máa so mọ́ apá, mo rán ìkẹjọ fún ọ̀gá, bóyá ojú á tì í. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kó o fi ti àga díẹ̀ lé e. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ̀fọ̀ mọ́ níbi iṣẹ́ yín.

Èmi ni, ìyá rẹ. Má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni níbẹ̀ o, pàápàá ọ̀gá yín. Bó bá gbọ́ pé mò ń bọ̀, á sá wọ ìpàdé.