Ta Ló Sọ Fún Fóònù Mi?

Agboolé Aláwọ̀,
Bẹyẹrúnkà,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Alásàrí.

Ifáyọ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí bàálé rẹ, mo kí Ògoolúwa àti àbúrò rẹ̀. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà l'Ákùúrẹ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ níjọ́sí ńkọ́, ṣé ó ti gbọ́ oògùn? Ní tèmi, ara le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àyà mi nìkan ni kò tíì balẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ tí o bá rí ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Láti ìgbà tí a ti jáde nílé ìwé l'Ókè Bọ́lá, mi ò rò pé mo kọ irú rẹ̀ sí ọ rí. Wàá ní kí ló dé tí Muslimat ò pè, tí kò sì fi ímeèlì ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ lórí fóònù, nítorí fóònù gan-an ló dá a sílẹ̀. Sọ̀fíyàt, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín wá kí àwọn ènìyàn rẹ̀, òun ni mo fi rán. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ o, jọ̀ọ́ má kà á lójú ẹ̀.

Ìwọ mọ bí èmi àti Ishaq ti ń retí ọmọ tó. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, mo rí i pé mo ti lóyún. Mi ò sọ fún ọ, má bínú. O mọ̀ pé nílé tiwa, a kì í fi ẹnu ka oyún. Ẹni tó bá rí i á fi ojú rí i, á sì pa ẹnu mọ́ títí ọmọ á fi ké. Kódà ìyá tó bí Ishaq, tí gbogbo agboolé ń pè ní Ìyá wa, kò ní bi mí, èmi náà ò sì ní sọ fún wọn. Èmi, ọkọ mi àti dókítà la mọ̀. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan tí ọjà dákẹ́, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ọ́jà'ba láàárín òwú àti bọ́tìnnì tí mò ń tà, mo wá rí ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń fún aláboyún nímọ̀ràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ímeèlì mi àti oṣù tí oyún mi wà. Mo kọ ọ́. Ímeèlì ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé ń lò yìí náà ni. Òun ni mo fi ń gba àbájáde àyẹ̀wò láti ọsibítù, òun ni mo fi ń bá àwọn oníbàárà mi sọ̀rọ̀. Gbogbo ayé mi ló wà nínú ẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo ní ọ̀làjú ti dé bá èmi náà.

Ifáyọ̀kẹ́, oyún náà bàjẹ́ lára mi ní oṣù kẹrin. Kò sí ohun tí wọn ò ṣe ní ọsibítù. Nígbà tí a padà délé, a sọ fún àwọn ará ilé pé ibà ni. Ìyá wa fi ọwọ́ ara wọn se àgbo ibà, wọ́n dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Mo mu àgbo àìsàn tí kò ṣe mí, omijé ń bọ́ sínú ife, wọ́n ní ìkorò ẹ̀ ni, kí n fara dà á.

Mo kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ràn yẹn pé kí wọ́n má fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi mọ́, wọ́n sì jáwọ́. Fóònù ni kò jáwọ́. Ohun yòówù tí mo bá ṣí, ìpolówó ọjà á yọ níwájú mi. Lákọ̀ọ́kọ́, aṣọ aláboyún ni. Nígbà tó yá, ó di bẹ́ẹ̀dì ọmọ àti fídà. Lẹ́yìn náà ló wá di fìlà kéékèèké àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun. Háà! Ó ń bá mi ka oṣù! Ta ló sọ fún un? Bó bá sì ti gbọ́ pé mo lóyún, kí ló dé tí kò gbọ́ pé oyún ti bàjẹ́?

Ohun tí mi ò rò sí ni Ìyá wa. Fóònù tiwọn ò ṣe ju ìpè lọ, nítorí náà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí a bá ti kírun Alásàrí tán, wọ́n á gba tèmi láti wo wáàsí. Wọn ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ta ló ń kàwé kó tó mọ fìlà ọmọ? Ìgbà tó yá, tí mo bá gbé garawa omi, wọ́n á ní kí n gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní kí n má gun òkè Màpó lóòrùn mọ́. Mo rò pé nítorí ibà ni. Híjáàbù mi tóbi, kò sẹ́ni tó lè sọ bí inú mi ti rí lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n yọ ọ̀já kan tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti lọ̀, tó ń ta sánsán tùràrí. Ọ̀já tí wọ́n fi pọn Ishaq ni. Wọ́n ní, "Muslimat, mi ò bi ọ́, mi ò sì ní bi ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rí lórí fóònù rẹ ti di fìlà ọmọ tuntun. Mo ní kí n tètè gbé èyí fún ọ kí ọjọ́ tó pé."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Wọ́n ti ń retí ọmọ láti oṣù mélòó kan wá, nínú ilé kan náà tí mo ti ń sunkún rẹ̀! Wọn ò lè bi mí, mi ò lè sọ fún wọn, fóònù wá wà láàárín wa ó ń purọ́ fún ìyá arúgbó. Ibẹ̀ ni mo ti fi ẹnu mi sọ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, pé kò sí mọ́, pé ó ti pẹ́.

Wọn ò pariwo. Wọ́n tẹjú mọ́ fóònù tó wà lórí ẹní. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún un?" Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní, "Kí ló wá fẹ́ lọ́wọ́ rẹ?" Mo ní, "Ó fẹ́ kí n ra nǹkan ni, mà." Wọ́n ní, "Sùbùhánálláhì." Ìgbà tó yá ni wọ́n wá bi mí pé, "Àgbo ibà tí mo fún ọ ńkọ́?" Mo ní, "Mo mu ún, mà." Ọ̀rọ̀ àgbo yẹn ló pa wọ́n lẹ́kún. Mi ò rí ẹkún wọn rí, kódà lọ́jọ́ tí Bàbá, ọkọ wọn, kú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba ọ̀dọ̀ Abdulmumin lọ ní Bẹẹrẹ, ọ̀rẹ́ Ishaq tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní òun ò lè búra pé ímeèlì mi ni wọ́n kà, ó lè jẹ́ ibi ìmọ̀ràn yẹn ló tà mí, ó lè jẹ́ ohun tí mò ń wá kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó kó gbogbo àṣírí rẹ̀ sínú ímeèlì ọ̀fẹ́, tó jẹ́ ilé onípolówó, kí ẹnu má yà á tó bá gbọ́ ọ lọ́jà. Ó ní àwọn kan wà lókè òkun tó ní ímeèlì tiwọn, tó ń gbowó lọ́dọọdún, tí wọn kì í polówó, tí wọ́n máa ń ti lẹ́tà ẹni pa débi pé àwọn fúnra wọn ò lè kà á.

Ishaq ta ko ó. Ó ní, "Ta ló ń sanwó kó tó gba lẹ́tà?" Mo bi í pé àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa láti ọjọ́ yìí, kí ni wọ́n wá ń jẹ? Bí ẹnìkan bá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́fẹ̀ẹ́ l'Ọ́jà'ba, ṣé òun Ishaq kò ní bi mí ohun tí ọkùnrin náà fẹ́? Ishaq náà ló wá fi káàdì rẹ̀ sanwó. Ó tiẹ̀ ní kí n fi oríkì mi ṣe páásìwọ́ọ̀dù ímeèlì tuntun náà. Oríkì tí gbogbo agboolé fi ń kí mi láràárọ̀! Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ Jímọ̀.

Abdulmumin kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá gbàgbé páásìwọ́ọ̀dù náà, kò sẹ́ni tó lè bá mi ṣí i láyé yìí, àwọn tó ni ín pàápàá ò lè ṣí i. Mo rò ó, mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ó kìlọ̀ pẹ̀lú pé ímeèlì nìkan ò tó, ó sì bá mi pa gbogbo ohun tí mo ti wá kiri rẹ́. A ti ti àdírẹ́sì ímeèlì àtijọ́ pa. Jọ̀ọ́, tí o bá fẹ́ bá mi kẹ́dùn, má fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Sọ̀fíyàt á gbé ìwé rẹ bọ̀.

Kí Ọlọ́run bá wa bo àṣírí wa. Kí ó má jẹ́ kí ẹnu àjèjì sọ ọ̀rọ̀ ilé wa ká kí àwa tó sọ ọ́. Kí ó dá àwọn ọmọ rẹ sí fún ọ, kí ó sì rántí èmi náà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà,
Muslimat.

Mo tún rántí: mo fẹ́ dá ọ̀já náà padà fún Ìyá wa, wọn ò gbà á. Wọ́n ṣì ń wá gba fóònù fún wáàsí, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ jókòó tì mí, wọ́n á wojú mi, wọ́n á bi mí bí ara mi ti rí. Wọ́n ní kí n tọ́jú ọ̀já náà, pé tó bá di ọjọ́ kan tí Ọlọ́run tún fi oyún ta mí lọ́rẹ, kí n gbàgbé àṣà, ẹnu mi làwọn fẹ́ ti gbọ́ ọ.