Kúláǹtì Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ara wa le, àfi ẹsẹ̀ Màmá.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ti sú mi. Kúláǹtì tí ẹ fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa dà sínú ọkọ̀ kó má baà gbóná ṣì wà láàárín aṣọ wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Omi lásán ni wọ́n ń bù sínú rédíétọ̀ nínú ooru yìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ gbóná, ó kú sójú ọ̀nà ọsibítù, Màmá sì tiro délé.

Mẹkáníìkì ní, "Bàbá, ẹ́ńjìnnì yìí á jóná o!"

Bàbá ní, "Ohun tí ọmọ mi fi ránṣẹ́, kí n wá dà á sínú irin?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n kó tó di ọjọ́ Ẹtì tí Màmá tún ń lọ gba ìtọ́jú. Tiyín nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín fún wa. Ẹ má sì fi òmíràn ránṣẹ́ o, kọ́bọ́ọ̀dù ti kún.

Èmi àbúrò yín.