Bí Èmi àti Bàbá Noi Ṣe Pọn Àpò Lọ sí Hát Kham

Ilé Àlejò Ẹ̀bádò,
Luang Phabang,
Láọ̀sì.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2019.

Manivon, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Paksong lọ́hùn-ún? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé òtútù orí òkè yẹn kò tún ti ń dá a lóró? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ ti ká kọfí tán? Àpò kọfí tí o fi rán awakọ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́, o ṣeun. Mi ò tíì pò ó mu. Bàbá Noi ló máa ń lọ kọfí nílé yìí, o mọ̀, èmi ò sì tíì lè fọwọ́ kan ọlọ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé Noi ti pè ọ́ lórí fóònù pé bàbá òun kú. Àmọ́ ìlú Thai ni Noi wà nígbà tó ṣẹlẹ̀, kò mọ bó ṣe jẹ́ gan-an. Àwọn kan níbí sì ti ń sọ kiri pé èmi ni mo gbé aláìsàn káàkiri títí ó fi kú mọ́ mi lọ́wọ́. Jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ fún ọ.

Láti ìgbà òjò tó kọjá ni oúnjẹ ti kọ̀ ọ́. Ó ń rù, funfun ojú rẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, kí n máa gbé e lọ sílé, kí n fún un ní ohunkóhun tí ọkàn rẹ̀ bá ń fẹ́. O mọ ìtumọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Duangta, ìyá arúgbó tó múlé tì wá, wá fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní àwọn ẹ̀mí tó wà lára rẹ̀ kò pé. Ó ní ọ̀kan ti dúró sí Hát Kham, abúlé tí wọ́n bí i sí, láti ìgbà tí wọ́n ti sé odò tí omi sì bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní kí n lọ fi àwọ̀n gbọ́n ọn wá sílé. Manivon, mo gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú tọwọ́tẹsẹ̀. Mo fẹ́ kí ọkọ mi yè, ìyẹn nìkan ni mo ń fẹ́.

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Noi, ẹ̀rín ló rín. Ó lóun á lọ, àmọ́ bí àwọn àlejò wa ṣe máa ń lọ ni a óò ṣe lọ. Láti ọjọ́ tí a ti ṣí ilé àlejò yìí la ti ń fọ aṣọ ìbùsùn fún tọkọtaya tó pọn àpò ńlá sẹ́yìn, tí à ń júwe òkè odò fún wọn, àwa fúnra wa kò lọ síbì kankan. Ó fa àpò méjì yọ lábẹ́ àtẹ̀gùn, èyí tí àwọn òyìnbó kan fi sílẹ̀ tí wọn ò padà wá gbé. Ó ní, "Ìyá Noi, ìwọ gbé pupa. Pupa bá ẹnu rẹ mu." Mo bi í bóyá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́ àbí orí rẹ̀.

Bí a ṣe gbéra nìyẹn. Aṣọ díẹ̀ ni mo kó sínú àpò tirẹ̀ kó lè fúyẹ́. Ẹrù yòókù wà lẹ́yìn mi, àwọ̀n wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a wọ ọkọ̀, awakọ̀ wò wá láti òkè délẹ̀.

"Bàbá, ìlú òyìnbó wo lẹ ti wá?"

"Ìlú òyìnbó tí wọ́n ti ń jẹ ẹja kíkan bíi tiyín ni," Bàbá Noi dá a lóhùn.

"Ìyàwó yín ńkọ́, ṣé wọ́n gbọ́ èdè Láọ̀?"

"Èébú nìkan ló gbọ́ níbẹ̀."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ibi gbogbo tí a bá dé, á ní kí a jókòó ná, kí a wo odò. Bí mo bá ní kó jẹ́ ká máa lọ, á ní kò séwu, bó ṣe máa ń wí látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Inú á bí mi, torí mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń wú. Síbẹ̀, kí n má purọ́ fún ọ, mo gbádùn ìrìn àjò náà. Ọkàn mi gbọgbẹ́, mo sì gbádùn rẹ̀. A ò jókòó pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láìsí ẹni tó ń kígbe pè wá pé omi gbígbóná ti tán.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé wa dé orí adágún, omi lásán ni mo rí. Bàbá Noi wo orí àwọn òkè, ó ní kí ọlọ́kọ̀ sún síwájú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Ibí ni. Ibi ìdáná ìyá mi nìyí." Mo tẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ sínú àwọ̀n, mo fi ẹyin sísè àti òkèlè ìrẹsì lé e, mo wá ń fi gbọ́n ojú omi, mo ń pè é.

"Ẹ̀mí Khamsing o, máa bọ̀ nílé! Má jókòó sínú òtútù mọ́! Ìyàwó rẹ ń dúró dè ọ́, máa bọ̀!"

"Rọra, Ìyá Noi," ló wí. "Bí o bá ń pariwo báyìí, á rò pé mo ṣẹ̀ ọ́ ni, kò ní wá."

Ọlọ́kọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àfi bí ojú Bàbá Noi ṣe yí padà lójijì. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó pe ìyá rẹ̀, ó sì ń sunkún bí ọmọdé. Mi ò rí omijé ọkùnrin yẹn rí. Mo gbọ́n, mo gbọ́n, títí apá fi ń ro mí, mo fi aṣọ bo ẹnu àwọ̀n, mo gbé e mọ́ àyà.

Nígbà tí a padà dé èbúté, ó béèrè oúnjẹ. Manivon, ó béèrè oúnjẹ! Ó jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ẹja sísun, ó lá ọwọ́. Mo sọ nínú ọkàn mi pé a ti borí. Ó dùbúlẹ̀ sínú aṣọ tí wọ́n so sáàárín igi méjì, ó ní kí n fi àpò pupa ṣe ìrọ̀rí fún òun. Ó ní, "Ṣé bí àwọn àlejò wa ṣe ń gbádùn rèé? Abájọ tí wọn kì í fẹ́ jí láàárọ̀." Mo lọ fọ abọ́ létí odò. Nígbà tí mo dé, mo pè é, kò dáhùn. Ọ̀sán gangan ni, àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́, ẹ̀rín wọn gba gbogbo odò.

Ẹni tó bá kú sẹ́yìn ìlú, òkú rẹ̀ kì í wọlé, ìwọ náà mọ̀. Tẹ́ńpìlì ni ọkọ̀ gbé e lọ tààrà, ibẹ̀ náà la sì ti sun ún. Ọkùnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kan gbogbo pátákó ilé yìí, kò lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé mọ́. Ìyẹn dùn mí ju ikú náà lọ.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti gbogbo ará ilé. Kí wọ́n má bínú pé mi ò gbé ìpè wọn. Má fi orúnkún yẹn sáré wá, Noi ti dé láti ìlú Thai, ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Ó ku ohun kan tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí a gbé e dé, mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àlùfáà, mo wá sílé láti mú aṣọ tí a óò fi wọ̀ ọ́. Àwọ̀n yẹn ṣì wà láyà mi, mi ò mọ ibi tí mo lè jù ú sí. Mo dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò wọlé. Ìyá Duangta jókòó sórí àtẹ̀gùn wa. Ó ti gbọ́, ojú rẹ̀ ti wú. Mo rò pé yóò bú sẹ́kún. Ṣe ló di òpó mú, ó dìde, ó sì bi mí bí ará ilé ṣe ń bi ẹni tó gbé ẹ̀mí aláìsàn bọ̀.

"Buavan, ṣé ó ti bá ọ dé?"

Gbogbo àdúgbò ló ń wò mí.

"Ó ti bá mi dé, Ìyá."

Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Ó yá, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wọlé."

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Buavan.