Odídẹrẹ́ Tó Ti Ojú Ìyá Rẹ Mọ́lé

Akron, Àjàṣẹ́

Mouktar ọmọ mi,

Mo kí ọ, torí pé àwọn tó bí mi kò kọ́ mi kí n máa bá èèyàn wíjọ́ láìkọ́kọ́ kí i. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rí àìsàn, kò ní jẹ́ kí alùpùpù sẹ́míjàn gbé ọ ṣubú ní títì Kùtọnu, yóò sì fún ọ ní ìyàwó tó máa ń rántí àwọn àna rẹ̀. Àmín. Kíkí ti parí. Ó yá, jókòó dáadáa, torí pé inú ń bí mi.

Lẹ́tà ni mo kọ, mi ò pè ọ́, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá ti fẹ́ bá ọ wí lórí fóònù ni rẹ́sò Kùtọnu máa ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ń ṣàdúrà fún ọ, ketekete lò ń gbọ́ mi. Lẹ́tà kò ní rẹ́sò. Mo sì ti sọ fún Kúnlé awakọ̀ tó gbé e wá pé kó dúró tì ọ́ títí o ó fi kà á tán, kó má sì gba omi mu lọ́wọ́ rẹ.

Ilé wà bẹ́ẹ̀. Òjò ti wó ògiri ilé ìdáná lápá kan, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, Afoussath àbúrò rẹ náà sì ti ń gba iṣẹ́ ìránṣọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ gan-an ni mo fẹ́ sọ.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ojú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ilé ìwòsàn kan níbí ló ń ya fótò inú ojú rẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n ń kó o pamọ́ sínú ẹ̀rọ ọ̀dínátọ̀ wọn. Nígbà tí òkùnkùn pọ̀ jù, wọ́n ní ká lọ bá dókítà kan ní Kùtọnu, òyìnbó kan tó máa ń wá láti òkèèrè, tí kì í pẹ́ kó tó padà. Ọkùnrin náà tan iná sí i lójú, ó ní òun lè ṣe é, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ rí bí ojú náà ṣe rí láwọn ọdún tó kọjá kí òun má baà gé ohun tí kò yẹ. Ó ní kí wọ́n pe àwọn fótò náà wá láti Àjàṣẹ́. Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí, ó wá ní kò ṣeé ṣe, pé ẹ̀rọ tiwọn àti ẹ̀rọ Àjàṣẹ́ kò gbọ́ èdè ara wọn.

Mouktar, mo rẹ́rìn-ín. Mo rántí ọjọ́ Iléyá, nígbà tí o jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tí o ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún wa. O ní ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀rọ tó ń bá a tọ́jú ìwé àti fótò, pé ẹni tó ṣe ti èyí kọ́ ló ṣe ti ìyẹn, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gbọ́ra yé. O ní àwọn ọlọ́gbọ́n kan jókòó, wọ́n fẹnu kò sórí èdè kan tí gbogbo wọn á máa fi béèrè ìwé lọ́wọ́ ara wọn, pé èdè náà kì í ṣe ti baba ẹnikẹ́ni, pé ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. O ní ìwọ lò ń fi í sí àwọn ẹ̀rọ lẹ́nu. Mo ṣàdúrà fún ọ lọ́jọ́ yẹn títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo wá sọ fún ọmọbìnrin yẹn pé kó má ṣèyọnu, ọmọ mi ló ń kọ́ wọn lédè.

Mo padà sí Àjàṣẹ́, mo dé fìlà tí o fún mi, èyí tó ní odídẹrẹ́ búlúù níwájú, mo lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wọn ń jẹ́ Aboubakar. Ó ní inú sẹ́fọ̀ ni àwọn fótò náà wà. Mo pariwo. Sẹ́fọ̀ tí èmi mọ̀ ni ẹni tó ń gbé bíà fún àwọn ọ̀mùtí ní buvẹ́ẹ̀tì, mo sì bi í pé láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń fi ojú ìyàwó Mùsùlùmí pamọ́ sọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá, ẹ̀rọ ńlá kan nínú yàrá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó mú mi lọ síwájú rẹ̀. Mo kí ẹ̀rọ náà ní Nàgó, mo kí i ní Gun, mo fi Faransé tí mo ń bá àwọn aṣọ́bodè sọ ní Kraké kún un. Ó kàn ń kùn bíi firíìjì ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rí odídẹrẹ́ búlúù níwájú orí rẹ̀. Aboubakar wo ẹ̀rọ, ó wo fìlà mi, ojú rẹ̀ yí padà. Ó béèrè ibi tí mo ti rí fìlà náà, mo sì fi ìgbéraga sọ fún un pé ilé iṣẹ́ ọmọ mi ni. Ó wá ní, Bàbá, ẹ̀rọ yìí gbọ́ èdè tí ẹ ń wí yẹn, inú rẹ̀ ni èdè náà wà nígbà tí wọ́n gbé e dé, àmọ́ ilé iṣẹ́ ọmọ yín ti ilẹ̀kùn tó yẹ kó gbà sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń ta ṣíṣí rẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ní irọ́ ni. Ó ní òun á pè wọ́n kí n fetí ara mi gbọ́.

Ó pè wọ́n. Ó jẹ́ kí ohùn jáde síta. Mouktar, ohùn tó jáde, ohùn rẹ ni. Ohùn ọmọ tí mo pe ìrun sí létí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i! O ń fi Faransé dídùn sọ fún un pé ó mà ṣe o, Mùsíọ̀, ilẹ̀kùn yẹn kò sí nínú ohun tí ẹ rà. Aboubakar ní ojú ìyá arúgbó kan ni o. O ní ó yé ọ, àmọ́ bí òfin ilé iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Mo lọgun pe orúkọ rẹ, Mouktar! Ṣé o rántí? Rẹ́sò bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn tó ń dúró de dókítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Obìnrin kan ní àwọn èèyàn bàbá onífìlà yìí ló ń dá wa dúró. Mo ṣí fìlà, mo kì í bọ àpò. Èmi Soulé, lórí òfo, láàárín àwọn èèyàn.

Afoussath ló wá ràn wá lọ́wọ́. Aboubakar ń ṣí fótò náà lójú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àbúrò rẹ ń fi fóònù ya fótò àwọn fótò náà, a sì sáré gbé e lọ sí Kùtọnu. Ti ojú ọ̀tún hàn. Ti ojú òsì, orí mi tó pá ló ń dán nínú gíláàsì ẹ̀rọ, ó bo ibi tí dókítà fẹ́ rí. Ilé ìwòsàn Àjàṣẹ́ sì ti tilẹ̀kùn, ọkọ̀ òfuurufú òyìnbó ń gbéra lọ́jọ́ kejì. Ojú ọ̀tún nìkan ló ṣe. Ó ní kí òun tó padà wá, ti òsì lè ti kú pátápátá.

Wọ́n tú aṣọ ojú náà, ìyá rẹ sì ríran. Bó ti wọlé, ó wo ilé ìdáná, ó ní ta ló wó ògiri òun.

Mo mọ ohun tí o máa wí. O máa ní dìrẹ́tọ̀ rẹ ló pàṣẹ. Dìrẹ́tọ̀ rẹ kọ́ ló mu ọmú obìnrin yìí. Ní Kraké tí mo ti fi ọkọ̀ jẹun, aṣọ́bodè tiwa ń sọ Faransé, ti Nàìjíríà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé kan náà ni mo ń fi han àwọn méjèèjì, wọ́n sì ń kà á. Tí ìyá arúgbó kan kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń bi í, èmi dírébà tí mo gbọ́ èdè méjèèjì, ṣé kí n wá pa ẹnu mi dé títí yóò fi san owó ẹnu mi? Àwọn ọlọ́gbọ́n fi èdè ta gbogbo ayé lọ́rẹ, ìwọ gbé àgádágodo sí i!

Nípa owó, egbògi tí wọ́n ń kán sí i lójú wọ́n. Fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù Afoussath, má fi sí tèmi, torí èyí tí o fi sí i lẹ́ẹ̀kan, mo ṣí ẹ̀yìn fóònù, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nínú owó ilẹ̀kùn yẹn ni, dá a dúró, màá ta ewúrẹ́.

Ohun kan ló kù. Gbogbo ẹni tó bá wá kí ìyá rẹ ló ń sọ fún pé èdè tí ọmọ òun fi sí ẹ̀rọ lẹ́nu ló jẹ́ kí òun ríran. Ó ní kí n ka lẹ́tà yìí sí òun létí, mo ka kíkí, mo ka ti ewúrẹ́, mo ní ó ti tán. Mi ò ní sọ fún un. Ìwọ ni kí o wá sílé, kí o jókòó sí apá òsì rẹ̀ níbi tí kò ti ní rí ojú rẹ, kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má di ẹ̀gún fún ẹlòmíràn. Kí ó sì la ojú rẹ, àtọ̀tún àtòsì.

Èmi bàbá rẹ,
Soulé