Má Tíì Fi Ọkọ̀ Ránṣẹ́ sí Ọláwuyì

Adéyẹ́misí ọmọ mi,

Mo kí ìwọ, ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ara ìyá rẹ ti yá, orúnkún nìkan ló ṣì ń dùn ún. Ẹ̀gẹ́ wa ta dáadáa.

Ọ̀rọ̀ Ọláwuyì àbúrò rẹ ti kó mi nírìíra. Ó gba láísẹ́ǹsì láìṣe ìdánwò, ó sì ń fi yangàn. Lánàá, ó fi ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé èmi àti ìyá rẹ, ó sáré kọjá ojú irin Àgbàdo láìwo ọ̀tún wòsì. Mo pariwo. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí rélùwéè ni?" Òun tí kò wò, báwo ló ṣe mọ̀ pé kò sí?

Jọ̀wọ́, má tíì fi ọkọ̀ tí o fẹ́ rà fún un ránṣẹ́ sí i. Kó kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀, kó ṣe ìdánwò. Ọlọ́run á jẹ́ kí o dé bá wa láàyè.

Bàbá rẹ,
Ògúnkànmí